Ijó Kolo fún Màámi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Màmá Desa, wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ ni mò ń wá. Àwọn náà kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kiri, wọ́n ní, "Níbo ló já bọ́ sí?" Mo ní kò sí abẹ́rẹ́ kankan, mò ń kí yín ni. Mo ní níbi tí wọ́n bí mi sí, obìnrin kì í dúró gbagidi kí ẹni tó jù ú lọ. Màmá wo ojú mi, wọ́n wo eékún mi, ni ẹ̀rín bá gbé wọn. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó tó ọdún méjì tí mo ti wà ní Houston nígbà yẹn, kò sì tíì sí ẹnì kan tó bá mi rẹ́rìn-ín báyẹn.

Ọdún 1981 ni mo kúrò ní Ìkìrun. Aránṣọ ni mí nílé, mo sì rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ ìgbàlódé. Èrò mi ni pé ọdún mẹ́ta péré, n ó padà wálé wá di ọ̀gá. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn fi kìlọ̀ fún mi nípa Amẹ́ríkà, òtútù ni. Màámi, tó jẹ́ ahunṣọ, hun kíjìpá kan tó nípọn fún mi pé kí n máa fi bora. Mo débẹ̀, ooru tí mo bá níta ju tilé lọ, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lára bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa. Inú ilé ni òtútù wà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni pé òkú ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jáde ní àpátímẹ́ǹtì mi láti wá ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Mo rìn, mo rìn, ọkọ̀ ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríwéè bí ẹni tí wọ́n ń lé, mi ò rí ènìyàn kan ṣoṣo tí mo lè kí. Ọlọ́pàá kan dúró, ó bi mí bóyá mo ti sọnù. Mo ní rárá, mò ń rìn ni. Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọkùnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi, mo kí i lọ́jọ́ kejì, ńṣe ló bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Nǹkan wá le nílé, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi sì dáwọ́ dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún kejì, físà mi sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, mo di ẹni tó lè jáde ní Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí kò lè padà wọ ibẹ̀. Mò ń wá iṣẹ́ níbi tí wọn kò ti ní béèrè ìwé púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù Màmá Desa, níbi tí wọ́n ti ń tún aṣọ ṣe fún àwọn alágbàfọ̀.

Ará Sẹ́bíà ni Màmá àti ọkọ wọn, Bàbá Stevan. Yugosláfíà ni gbogbo ayé ń pe orílẹ̀-èdè wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pe Màmá ní ará Yugosláfíà, wọ́n á kàn wí pé, "Sẹ́bíà." Wọ́n á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Dúdú ni gbogbo aṣọ wọn, láti orí ìborùn dé ìbọ̀sẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò dán, tèmi náà kò dán. A máa ń pàdé ní àárín ọ̀nà, a ó fọwọ́ parí èyí tó kù.

Ó di oṣù kejì kí wọ́n tó ṣí àpótí kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù hàn mí. Aṣọ ijó ló kún inú rẹ̀: ẹ̀wù funfun alápá gígùn tí wọ́n fi òwú pupa kọ iṣẹ́ sí lọ́rùn, kóòtù pénpé aláìlápá tí wọ́n fi okùn aláwọ̀ wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bàtà awọ tí imú rẹ̀ ká sókè bí ìwo àgbò. Àwọn ọmọ ìjọ wọn ló ń wọ̀ ọ́ jó ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ Màmá ti ń gbọ̀n, wọn ò lè tún un ṣe mọ́. Wọ́n na aṣọ kan sí mi, irú èyí tí àwọn obìnrin wọn ń so mọ́ ìbàdí níwájú tí wọ́n bá fẹ́ jó. Mo fọwọ́ kàn án. Híhun ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ó nípọn, ó ní ìlà pupa àti dúdú, etí rẹ̀ le.

"Ta ló hun èyí, Mà?"

"Ìyá mi. Ní abúlé."

"Ìyá tèmi náà ń hun irú rẹ̀."

"Ní Áfíríkà?"

"Ní Ìkìrun."

Lọ́jọ́ kejì mo gbé kíjìpá mi wá. A tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Màmá gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n tẹ̀ mọ́ aṣọ náà, wọ́n ń fi ìka tọ òwú lọ láti etí kan dé èkejì. Ọ̀rọ̀ kan wà lédè wọn tó túmọ̀ sí ọmọbìnrin mi. Láti ọjọ́ yẹn, òun ni wọ́n fi ń pè mí.

Wọ́n ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń lo aṣọ náà. "Wá ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Kolo ni a máa ń jó."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní nílé wa, kóló ni ìkòkò amọ̀ kékeré tí ọmọdé ń tọ́jú kọ́bọ̀ sí. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tiwọn yìí, èèyàn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Ìjọ Aládùúrà kékeré tí mò ń lọ kì í tètè parí ìsìn, ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́, n ó sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sí gbọ̀ngàn wọn. Ijó náà kò jọ tiwa. Tiwa wà ní èjìká, ó wà ní ìbàdí. Tiwọn, kókósẹ̀ ló wà. Wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, ọkùnrin àtobìnrin, àgbà àtèwe, wọ́n á tò bí òbìrìkítí tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni yóò ṣáájú. Láti àyà lọ sókè wọn kì í mira. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn! Ó ń tẹ ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí páànù. Bàbá Stevan ló ń fún wọn lórin. Iṣẹ́ jórinjórin ni wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ọwọ́ wọn sì le bí èèpo igi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé àkọ́díọ̀nù há àyà, ìka wọn kì í wúwo mọ́. Ọkùnrin kan á máa fun fèrè igi kékeré tẹ̀ lé wọn. Kò sí bí orin ṣe lè yá tó, ohùn fèrè yẹn á máa sunkún lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fà mí wọ inú ijó ní Sọ́ńdè kẹta. Mo ń kọsẹ̀, mo ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀.

"Èjìká rẹ ń sọ̀rọ̀ jù!" ni Bàbá Stevan ń pariwo láti orí àga. "Sọ fún un kó dákẹ́!"

Gbogbo gbọ̀ngàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rín. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá sọ ohun tó ń gbé mi lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú rí. Ẹni tó ń fún mi ní ṣéńjì ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá, orí tábìlì ló ń kó o sí. Nínú kolo, ọwọ́ méjì ló máa ń di èèyàn mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ẹsẹ̀ rẹ bá tilẹ̀ ṣì, wọn kì í tú ọ sílẹ̀.

Màmá Desa nìkan ni kì í jó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń jókòó sí nínú aṣọ dúdú wọn. Mo bi ọmọbìnrin kan léèrè, ó sọ fún mi pé ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá bí, Nikola ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti La Porte nínú òjò, ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì kú. Ọdún karùn-ún rèé. Ó ní nínú àṣà wọn, ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í wọ kolo fún ọdún kan gbáko. Tí ọdún bá pé, ẹnì kan á na ọwọ́ sí i, á fi orin mú un padà wọlé. Ó ní èèyàn púpọ̀ ti na ọwọ́ sí Màmá Desa. Wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á ní, "Kò tíì tó."

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń gbọ́ ohùn Màámi. Tí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù bá dé, Fúnmi, àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo, á mú wọn lọ sí ilé ọ̀gá rẹ̀ tó ní tẹlifóònù, èmi á sì pè láti ibi tẹlifóònù ìta tó wà níwájú ilé ìfọṣọ. Ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́ lọ́dọ̀ mi, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Màámi máa ń pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdì-kejì odò.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà."

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì ni, Mà."

"Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Láìpẹ́, Mà. Ó kù díẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pe oríkì mi. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń fi í pè mí. Tí wọ́n bá ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀, èmi á ṣì gbé tèmi mọ́ etí. Mò ń gbé ní Houston lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni mo fi ń jẹ́ ọmọ ẹnì kan.

Nígbà tó yá, Màámi kò wá mọ́. Fúnmi nìkan ló ń dáhùn.

"Orúnkún ló ń dùn wọ́n, Sìsí mi. Wọn ò lè wọ mọ́tò."

Lóṣù kejì ó ní, "Wọ́n ní kí n kí yín." Lóṣù kẹta, ó ní wọ́n ti lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìlá. Mo ní kó gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní rédíò wọn ti bàjẹ́. Ẹ ó bi mí pé báwo ni mi ò ṣe fura. Mo fura. Mò ń gbé ìfura náà jù sẹ́yìn ni, nítorí pé tí mo bá béèrè, wọ́n lè dá mi lóhùn.

Lóṣù keje, Bàbá Láyíwọlá dé sí ìjọ wa. Ará Ìkìrun ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá ọmọ wọn tó jẹ́ dókítà ní Humble, nítòsí Houston. Lẹ́yìn ìsìn, mò ń bu ìrẹsì fún àwọn èèyàn, ẹnì kan sọ fún wọn pé ará ìlú wọn nìyí. Wọ́n bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí. Mo sọ agbo ilé wa. Bàbá ṣí fìlà.

"Háà! Ọmọ Ìyá Ahunṣọ! Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá o. Ẹ̀yìn wọn á dára. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ọmọ ṣe bẹbẹ. Wọ́n jó débi pé eruku sọ."

Mo ní, "Màmá ta, sà?"

Wọ́n wo ojú mi. Mo rí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà, tí kò sì lọ. Wọ́n fi fìlà bo ẹnu. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé mo rọra fi ṣíbí sílẹ̀, mo dé ìkòkò ìrẹsì, mo jáde. Èmi ò rántí ìyẹn. Ohun tí mo rántí ni oòrùn níta, bó ṣe ń ta sára gíláàsì àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tò síbẹ̀, kò sí ibi tí mo kọjú sí tí kò ta mí lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe ilé ọ̀gá Fúnmi, mo ní kí wọ́n bá mi pè é wá. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kejì, òun ló gbé e.

"Fúnmi, níbo ni Màámi wà?"

Ariwo wáyà nìkan ni mò ń gbọ́.

"Ẹ má bínú, Sìsí mi."

"Oṣù méje! Ò ń bá mi kí wọn, ò ń bá wọn kí mi!"

"A ò mọ bí a ó ṣe sọ ọ́. Ẹ ò sí lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Ta ni ì bá gbé yín?"

Mo gbé tẹlifóònù kọ́. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e dé, mi ò pè. Èkejì dé, mi ò pè.

Àwọn tó kù nílé gbà pé ikú ló ń dùn mí. Ikú kọ́. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ti rí ọmọ-ọmọ. Òkú àgbà ni, wọn kì í fi ẹkún nìkan sin irú rẹ̀. Jíjó ni wọ́n ń jó o. Kò sí ọmọ tí kì í jó òkú ìyá rẹ̀. Arọ pàápàá, wọ́n á gbé e jó. Wọ́n ti wá jó ti Màámi tán, eruku ti sọ, eruku ti rọlẹ̀, èmi sì wà níhìn-ín tí mò ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò aláṣọ. Mi ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó bọ́ sí. Bóyá ọjọ́ tí mò ń rẹ́rìn-ín nínú kolo ni.

Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo bá Fúnmi sọ̀rọ̀, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kò pẹ́, abẹ́rẹ́ gún ìka mi, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára. Màmá Desa ló rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyá mi kú."

"Lánàá?"

"Ó ti pé oṣù méje. Wọn ò sọ fún mi."

Màmá dìde. Wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn, wọ́n yí pátákó ẹnu ọ̀nà padà pé a ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Wọ́n fi omi fọ ìka mi, wọ́n fi àjákù aṣọ dì í, wọ́n wá gbé àga wọn ti tèmi. A jókòó báyẹn títí ọ̀sán fi pọ́n. Oníbàárà kan kànkùn, kò sẹ́ni tó dìde.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ti se àlìkámà, wọ́n pò ó mọ́ ṣúgà àti ẹ̀pà òyìnbó tí wọ́n gún. Oúnjẹ òkú ni lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbé àbẹ́là kan lé mi lọ́wọ́, mo tàn án, mo fi gún inú àwo iyanrìn tí wọ́n ń to àbẹ́là sí. Bí a ṣe ń jáde, Màmá ní, "Láti òní lọ, fún ọdún kan, ìwọ náà ò gbọdọ̀ jó."

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó ti há mi láyà wá já.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Níbi tí mo ti wá, tí ìyá àgbà bá kú, ọmọ gbọ́dọ̀ jó. Tí kò bá jó, ńṣe ló dà bí ẹni pé kò ní ìyá. Gbogbo wọn ti jó. Èmi nìkan ni mi ò jó. Ẹ wá ní kí n dúró."

Màmá wò mí. Oṣù méjì kọjá. À ń ṣiṣẹ́, a ò sọ ọ́ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìgbé ojú sókè lára aṣọ tí wọ́n ń rán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Abúlé ìyá mi wà ní ìhà ìlà-oòrùn, lábẹ́ òkè. Níbẹ̀, wọ́n máa ń jó kolo kan fún òkú. Ẹni tó ṣáájú á mú àbẹ́là dání. Wọ́n á dárúkọ òkú náà, wọ́n á ní tìrẹ ni ijó yìí. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí."

Wọ́n gé òwú.

"Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wá."

Mo wá. Gbọ̀ngàn kún, àwọn èwe ti wọ aṣọ irun àgùntàn nínú ooru Houston, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Màmá Desa dìde ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, àbẹ́là wà lọ́wọ́ wọn. Ariwo inú gbọ̀ngàn ṣàdédé rọ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń bójú tó gbọ̀ngàn dìde, ó bá Màmá sọ̀rọ̀ lédè wọn, ó ń nàka sí èmi àti Màmá. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní inú ọ̀fọ̀ ni àwa méjèèjì wà, kò yẹ kí a jó, àlùfáà kò ní fẹ́ ẹ.

Màmá dá a lóhùn wẹ́rẹ́, ọmọbìnrin náà sì túmọ̀ ìyẹn náà. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ti ẹ̀yìn mọ́ ògiri yìí. Ọmọ mi kò tìtorí rẹ̀ dìde."

Obìnrin náà jókòó. Màmá kọjú sí ọkọ wọn. Bàbá Stevan ti gbé àkọ́díọ̀nù há àyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lọ sí ibì kankan. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń lu orin fún gbogbo ayé tí ìyàwó wọn kò dìde sí i. Omijé ń ṣàn sínú irùngbọ̀n wọn. Màmá mi orí sí wọn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ orin kan tí mi ò gbọ́ rí, tó lọ́ra, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àbẹ́là, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú. "Ti Nikola ni," ni wọ́n wí. Gbogbo gbọ̀ngàn sì wí i tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Kí ni orúkọ ìyá rẹ?"

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́, mi ò tíì fi ẹnu pè é. Mo ní, "Àṣàkẹ́."

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ọgọ́ta ènìyàn ló ń pe orúkọ Màámi, kò sí ẹnì kan tó pè é dáadáa. Ẹlòmíràn ń pè é bí orúkọ oògùn, ẹlòmíràn bí orúkọ ọkọ̀. Ẹ̀rín fẹ́ gbé mi, ẹkún ló jáde. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹnì kan wá di ọwọ́ mi kejì mú, ẹlòmíràn di tirẹ̀ mú, títí ìlà náà fi yí gbọ̀ngàn ká. Obìnrin tó kọ́kọ́ bínú náà wọlé sí ìdí ìlà. Nígbà tó yá, èjìká mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ń jó o bí wọ́n ṣe ń jó o ní Ìkìrun, ẹsẹ̀ mi wà lọ́dọ̀ wọn, èjìká mi wà nílé. Bàbá Stevan rí i. Wọn ò pariwo. Orin wọn ló yí díẹ̀, ó dúró dè mí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pe Fúnmi.

"Mo ti jó o," ni mo sọ fún un. Kò béèrè ohun tí mo jó. Ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, a sunkún títí wáyà fi já.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni owó epo rọ̀bì tó ń bọ́ ìlú náà ṣubú, Houston sì ṣubú tẹ̀ lé e. Ilé ṣófo láti òpópónà dé òpópónà. Wọ́n dá Bàbá Stevan dúró níbi iṣẹ́. Àwọn alágbàfọ̀ kò gbé aṣọ wá mọ́. Àbúrò Bàbá wà ní ìlú kan lápá òkè, níbi tí òtútù gidi wà, ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, mo kúnlẹ̀ kí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Màmá mọ ohun tí mò ń ṣe, wọn ò wá abẹ́rẹ́ kankan. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, lẹ́tà dé láti ọwọ́ Bàbá Stevan, ìlà mẹ́rin péré, pé Màmá ti lọ. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á. Ọdún kan gbáko, mi ò jó. Ní ìjọ wa, tí gbogbo èèyàn bá dìde lásìkò ìdúpẹ́, èmi á jókòó. Wòlíì pè mí, wọ́n bi mí bóyá mo ń bá Ọlọ́run jà. Mo ní rárá, ìyá mi kan ló kú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.

Láàárín ìgbà yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀ láìní ìwé. Ó pẹ́ kó tó kàn mí, ṣùgbọ́n ó kàn mí. Ọdún 1989 ni mo wọ Ìkìrun. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú oórì Màámi ní ẹ̀gbẹ́ ilé, adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Fúnmi wá jókòó tì mí.

"Ọ̀rọ̀ kan wà," ló wí, "tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Àwa kọ́ la ní ká má sọ fún yín. Màámi ni. Nígbà tí àìsàn náà wọ̀ wọ́n lára, wọ́n pe èmi àti Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní, 'Tí ẹ bá sọ fún un, yóò wá. Tó bá sì wá, wọn ò ní jẹ́ kó padà. Ẹ jẹ́ kí n wà láàyè fún un díẹ̀ sí i.'"

Fúnmi dìde, ó wọlé lọ, ó sì já fọ́tò kan bọ̀ lára ògiri pàlọ́. Ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n yà á. Àwa ọmọ máàrún ni Màámi bí, èmi ni ìkẹta. Wọ́n tò lójú títì bí ìyá ṣe bí wọn, Bọ̀ọ̀dá ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n láàárín ẹnì kejì àti Fúnmi, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀, ó gba èèyàn kan. Ògiri ilé wa ló hàn níbẹ̀.

"Àyè yín nìyẹn," ni Fúnmi wí. "Ayafọ́tò ní ká sún mọ́ra, Bọ̀ọ̀dá ní rárá, ẹnì kan wà níbẹ̀. Báyìí la ṣe jó yí ìlú ká. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn èèyàn fẹ́ bọ́ sínú àyè náà. A ò gbà fún wọn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò nílé. Ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, Fúnmi fi bébà dì fọ́tò náà, ó ní kí n mú un lọ sí Houston. Mo tú bébà náà, mo gbé fọ́tò padà sí ara ògiri. Ní Houston, tí mi ò bá sí níbẹ̀ lọ́la, kò síbi tí àìsí mi yóò ti hàn. Nínú fọ́tò yẹn, ó hàn.